Owó-Orí Tí Ń Padà Sọ́wọ́ Ẹni

Bí ẹnìkan bá sọ fún àwọn àgbẹ̀ tí ó ja ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 pé owó-orí a máa padà sọ́wọ́ ẹni, ta ni ìbá gbà á gbọ́? Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbé dé Amẹ́ríkà. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó èyí tí ìjọba ń bu owó-orí lé a rọra dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni àdánù. Láti 1975 ni òfin ibẹ̀ ti ń fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré, pàápàá ẹni tí ń tọ́ ọmọ, ní owó tí wọ́n ń pè ní Earned Income Tax Credit, ìbáà má jẹ owó-orí rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ fọ́ọ̀mù kò ní í rí kọ́bọ̀. Èyí tí a kò sì béèrè láàárín ọdún mẹ́ta di ti ìjọba.

Àwọn akọ̀wé kan ń bu lára owó náà kí ó tó dé ọwọ́ olówó. Kí ni ó ń lé ni dé ọ̀dọ̀ wọn? Àwọn afinúfíndọ̀ ẹgbẹ́ VITA, tí ilé-iṣẹ́ owó-orí ti yẹ ìmọ̀ wọn wò, ń kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ní ilé ìkàwé àti gbọ̀ngàn àdúgbò. Kí olúwarẹ̀ mú ìwé ìdánimọ̀, ìwé W-2 láti ibi iṣẹ́, àti nọ́ńbà Social Security tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ dání.