Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́ ní Dáàmù Káínjì
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)

Àwa tí a lọ wo dáàmù Káínjì dúpẹ́ pé a lọ ire, a sì bọ̀ ire. Èyí tí ó kan àpò ẹgbẹ́ wa nìkan ni a ó sọ.

Ní 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí di Odò Ọya níbẹ̀. Iṣẹ́ náà parí ní 1968, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní 1969. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ni omi ń yí níbẹ̀, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò náà ń kún lọ́dún. Èkíní ni ti òjò ìtòsí, tí omi rẹ̀ máa ń rú. Omi funfun ni wọ́n ń pè é. Èkejì ń ti òkè ilẹ̀ Guinea bọ̀, ó ń fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àbàtà ilẹ̀ Mali, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn ni omi dúdú. Dáàmù ń tọ́jú omi pamọ́, ó sì ń tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀n. Omi kan náà ni dáàmù Jẹ́bà tún ń lò ní ìsàlẹ̀ odò.

Ẹ̀yin ará, àwọn kan nínú yín ń sọ pé kí a pín owó ìpamọ́ nítorí pé ọdún yìí dára. Bí wọ́n bá tú gbogbo omi sílẹ̀ lónìí, kí ni yóò yí ẹ̀rọ lọ́la? Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ṣùgbọ́n bí omi bá kún jù tí a kò tètè dín in kù, oko àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò bá a lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ má ṣe há owó yíyá mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó yẹ.

Ohun kan tún wà. Ìlú Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park kú sí ní 1806, wà lábẹ́ omi náà. Àwọn ènìyàn bíi 44,000 ni wọ́n kó kúrò nílé baba wọn kí iná tó tàn fún wa. Kí a tó dìbò lórí owó yìí ní ìpàdé gbogbogbòò, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀? Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.