Ká Wádìí Ká Tó Pariwo Olè: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ ṣókí lórí eré tẹlifíṣọ̀n kan tí ìyá àtọmọ lè jọ wò. Èyí tí a mú wá ni The No. 1 Ladies' Detective Agency.

Ilẹ̀ Botswana ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ya eré rẹ̀. Alexander McCall Smith ló kọ àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣe é. Ìkíní jáde ní 1998. BBC gbé apá kìíní jáde ní 2008, ìyókù jáde ní 2009. Apá 7 péré ni gbogbo rẹ̀. Jill Scott, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe Precious Ramotswe. David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú apá kìíní.

Ramotswe kò kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Bàbá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ kùsà ní South Africa fi màlúù sílẹ̀ fún un. Ó tà wọ́n, ó fowó ṣí ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Gaborone. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ṣe é rí bí? Kò fi ogún bàbá ra aṣọ ẹbí! Akọ̀wé rẹ̀, Mma Makutsi, gba máàkì 97 nínú 100 nílé ẹ̀kọ́ akọ̀wé. Èyí dùn mọ́ àwa akọ̀wé nínú gan-an.

Nínú ìwé kìíní, ọkùnrin kan wá bá obìnrin kan, ó ní òun ni bàbá rẹ̀ tó ti lọ tipẹ́. Obìnrin náà ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ramotswe ò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó sáré lọ bá bàbá, ó ní ọmọ rẹ̀ ti ní ìjàǹbá, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fẹ́, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá fún un lè kú. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni bàbá.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ rántí, ₦20,000 dín ní ìsọ̀ ẹnìkan nínú wa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n nawọ́ sí. Olè! Olè! Àwọn kan tilẹ̀ ti ń wá táyà. Àwọn ìyá 3 nínú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n dúró. Wọ́n gbé ìwé ìtajà jáde, wọ́n ka ọjà tó kù, wọ́n bi ará ìsọ̀ kejì léèrè. Àṣé òun ló bá wọn gbé ọjà fún oníbàárà láwìn nígbà tí wọn ò sí nílé, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, owó dé. Ká ní wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Owó padà, ẹ̀mí kì í padà.

Kò sóhun tó ń lọ lọ́jà tí àwa obìnrin kì í gbọ́, àmọ́ gbígbọ́ kọ́ ni mímọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tọ̀tún tòsì, ká yẹ ìwé wò, ká ka ọjà, ká tó pe ẹnikẹ́ni lólè.

Àṣèyí-ṣàmọ́dún o. Ọjà á tà, a ò ní ríjà ọjà.