Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ẹnu Ọ̀nà

 

Àwọn tó dàgbà láàárín wa kò jẹ́ gbàgbé bí Monrovia yìí ṣe rí lọ́dún 2014 tí àrùn Ẹ̀bólà dé. Gbogbo ilé ìwé la tì pa. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí wọn padà ní oṣù Kejì ọdún 2015, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n de ẹnu ẹ̀rọ omi mọ́ nídìí ti wà lẹ́nu géètì, omi oníkílóríìnì ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti báńkì: o ò fọwọ́, o ò wọlé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń pọnmi nílé náà ni o. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló sọ ọ́ di akìlọ̀. Pátákó ńláńlá wà lójú títì tó ń kéde pé òótọ́ ni Ẹ̀bólà. À ń kà á, à ń kọjá lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

  

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń jáde nílé ìwé lónìí, ẹ kọ́gbọ́n lára bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Ẹ má kọ mẹ́wàá sínú ìwé. Àwọn baba wa a máa fi nǹkan pàrokò ránṣẹ́ sí ẹni tó jìnnà. Ẹ̀yin, ẹ fi nǹkan tí ẹ ó máa bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà pa á ránṣẹ́ sí ara yín. Ẹni tó ń fowó pamọ́ láti wọ University of Liberia, kó gbé kóló sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó máa fi kọ́kọ́rọ́ ilé sábẹ́ rẹ̀. Kò ní lè jáde láìgbé e sókè, yóò sì mọ bó ṣe wúwo tó.

Ṣùgbọ́n nǹkan tètè ń mọ́ ojú lára. Nígbà tí àrùn lọ, mo rí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbẹ táútáú lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò mọ́. Bí ẹ bá ti ń gbé kóló láìronú, ẹ gbé e síbòmíràn.

Àwọn òbí ti ra kóló kọ̀ọ̀kan fún yín, ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Òfìfo ni gbogbo wọn o. Ẹ gbà á kí ẹ tó lọ jẹun.