Títò fún Iṣẹ́ Abẹ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òkúta inú òróòro ń dà láàmú, kì í sanwó iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba, NHS. Àmọ́ ó máa dúró lórí ìlà.

Ọjọ́ tí lẹ́tà tí dókítà àdúgbò fi rán an lọ bá dé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́. Ó yẹ kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 18. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: ọ̀sẹ̀ 18, bí oṣù mẹ́rin. Láti 2016 ni NHS kò ti lè mú un ṣẹ bó ṣe yẹ.

Ìlà yìí kò dà bí ti ilé epo, níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ dé ti ń kọ́kọ́ rà. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, tàbí tí mọ́tò gbá, á ṣáájú ẹni tó ní ìpá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, bí àwọn aláìsàn pàjáwìrì bá kún ilé ìwòsàn, ibùsùn á tán, wọ́n á sì sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Àrùn Kòrónà wá dá kún un: ní 2022, iye ìtọ́jú tí wọ́n ń dúró dè lórí ìlà ju mílíọ̀nù 7 lọ.

Ìrora ò sì mọ ìlà. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ń le sí i, kó tètè padà sọ fún dókítà àdúgbò. Wọ́n lè gbé orúkọ rẹ̀ síwájú.