Ilé Ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́ fún Ọmọ tí ó ní Ọ́tísíìmù

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ni a sábà máa ń sọ ní irú ìpàdé báyìí. Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan tí ó wà nínú ilé òṣìṣẹ́ púpọ̀, tí àwọn tí òbí rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ kò sì mọ̀ rárá pé ó wà, nítorí pé a fi í pamọ́. Ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù ni mo ń wí.

Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà ń dàgbà ni ọ́tísíìmù. Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sísọ, bíbá ènìyàn ṣeré, àti bí ariwo tàbí ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára ọmọ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1943 ni Dókítà Leo Kanner ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ní Amẹ́ríkà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2021, ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ni ó ní in. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò fà á. Ìwé tí ó dá irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1998 ni a ti fagi lé ní ọdún 2010. Kò sí oògùn tí ó lè mú un kúrò. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò lé e jáde, owó yín ni ó ń lé.

Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan tí kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀, tí ó pé oṣù 18 tí kò na ìka sí ohun tí ó fẹ́, tàbí tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wá parẹ́, ẹ má ṣe dúró. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba, kí wọ́n sì yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà lè má dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ẹ̀kọ́ kan jáde ní ọdún 2022 fún òbí àwọn ọmọ tí ó wà láàrin ọdún méjì sí mẹ́sàn-án. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé inú eré àti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ ni ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ jù lọ. Òṣìṣẹ́ tí kò ní owó ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi lè ṣe èyí.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ lóṣòó kí ojú yín bá ojú ọmọ dọ́gba. Ẹ wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wò, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì: "Omi." "Omi tútù." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín, nítorí èsì lè pẹ́ kí ó tó jáde. Bí ó bá na ìka, bí ó bá fà yín lọ́wọ́, tàbí bí ó bá fi àwòrán hàn yín, ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí ẹ fún un ní omi náà kíákíá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kánò tàbí Pọ́tàkọ́tì, tí ọmọ yín ń gbọ́ èdè mẹ́ta lójúmọ́, ẹ má ṣe pa Yorùbá tì nítorí rẹ̀. Ìwádìí kò fi hàn pé èdè méjì ń fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Èdè tí ó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.

Èkejì ni ètò ojúmọ́. Ọkàn ọmọ yìí máa ń balẹ̀ bí ó bá mọ ohun tí ó kàn. Ẹ ya àwòrán ìwẹ̀, aṣọ, oúnjẹ, ilé-ìwé àti oorun sí ara páálí, kí ẹ sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Òbí tí iṣẹ́ òru bá kàn, kí ó fi àmì rẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀, kí ó sì sọ ọ́ fún ọmọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá ń kọ́ ọ láti wọ ṣòkòtò, ẹ bá a wọ̀ ọ́ dé itan, kí òun fúnra rẹ̀ fà á dé ìbàdí, kí ẹ sì yìn ín. Bí ó bá ti mọ èyí, ẹ dá a dúró ní orúnkún. Lẹ́yìn náà, ní ọrùn ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ fífọ̀ àti ṣíbí mímú. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ̀kẹrin ni igbe àti ìbínú. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí fèrè ọkọ̀ lè máa dun ọmọ yìí ní etí. Ẹ wá igun kan tí ó dákẹ́ fún un. Ẹ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú igbe àti ohun tí ó tẹ̀lé e sínú ìwé kékeré kan. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó máa rí ohun tí ń fà á. Ẹgba lè kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù, kò lè kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ààbò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa rìn lọ láìsọ, omi a sì máa fà wọ́n mọ́ra. Ẹ bo kànga, ẹ ti ilẹ̀kùn ọgbà, ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín sínú aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì fi í han àwọn aládùúgbò. Ọmọ tí a fi pamọ́, ta ni yóò dá a mọ̀ bí ó bá sọnù?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìyá nìkan. Kí bàbá gba tirẹ̀ ṣe, kí ìyá lè sinmi. Ó sì kan ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ilé-ìwòsàn, ẹ bá a pààrọ̀ àkókò iṣẹ́. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì gbé e síwájú agbanisíṣẹ́ nígbà ìdúnàádúrà pé kí a fún irú òbí bẹ́ẹ̀ láyè láìgé owó oṣù rẹ̀. Òfin àpapọ̀ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 láti fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Òbí tí ó dá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lè padà pẹ̀lú omijé. Òbí tí àwọn aṣojú ẹ̀ka rẹ̀ bá tẹ̀ lé kò ní rọrùn láti lé padà.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù òbí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn mú ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí a sọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní. Kí àwa yòókù sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé, "Ọmọ ń kọ́?" kí a sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ìpalára ẹnì kan, ìpalára gbogbo wa ni.