Firiáónà àti Kàárúnà: Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Kò Ní Ẹlẹ́jọ́?

 

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ló máa ń bi wá. Wọ́n á ní, "Àfáà, nínú ètò àwọn olówó tí wọ́n ń pè ní kapitálísíìmù, àti ètò àjọní tí wọ́n ń pè ní sosálísíìmù, èwo ló pa ènìyàn jù?" Ẹnìkan á ní òyìnbó amúnisìn ni, ẹlòmíràn á ní Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ni. Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo Suratul Qasas. Ìtàn Firiáónà ló ṣáájú níbẹ̀, ìtàn Kàárúnà ló wà ní ìparí. Firiáónà, agbára ìjọba ló gùn. Ó pín ará ìlú sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń pa ọmọkùnrin wọn. Kàárúnà, owó ló gùn. Ó ní ìmọ̀ òun ni òun fi kó o jọ, kò gbà pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Omi gbé ọ̀kan lọ, ilẹ̀ gbé ìkejì mì. Ọlọ́hun kò ní kí á yan èyí tó sàn nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ará, nínú ìjọba amúnisìn, Firiáónà àti Kàárúnà jọ jẹun nínú àwo kan ni. Ẹ má jẹ́ kí á lọ jìnnà. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a wà yìí. Rélùwéè tí wọ́n là gba Ìfọ̀ kọjá, tó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù oko ni wọ́n fẹ́ fi kó lọ sí etí òkun. Ní 1914, lẹ́yìn tí sójà yìnbọn pa ènìyàn ní Ìjemò, wọ́n fòpin sí òmìnira Ẹ̀gbá. Ní 1918, Lugard mú owó orí wọlé. Àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ipá mú ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, òun náà ni kí ó tún lọ wá owó wá. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn ènìyàn dìde. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n tilẹ̀ pa Ọṣilẹ̀. Ìjọba kó sójà tó ti ojú ogun dé jáde sí wọn. Ogun Adùbí nìyẹn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, 1949, àwọn tó ń wa èédú ní Enugu bèèrè owó iṣẹ́ wọn. Ọlọ́pàá lábẹ́ òyìnbó yìnbọn, ènìyàn 21 kú. Ní Bengal, nílẹ̀ Índíà, ní 1943, lábẹ́ ìjọba òyìnbó kan náà, owó ìrẹsì gun òkè, àwọn oníṣòwò tọ́jú u pamọ́, ìjọba ń bójú tó ogun. Bíi mílíọ̀nù 3 ló kú, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn.

Ó dáa. Ṣé ètò àjọní wá mọ́ ni? Ní Kazakhstan, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí darandaran, láàrin 1930 sí 1933, ìjọba Stalin gba ẹran ọ̀sìn àti ọkà lọ́wọ́ wọn pé ti gbogbo ìlú ni. Bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ló kú. Ní Ṣáínà, láàrin 1959 sí 1961, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ebi pa, nígbà tí àwọn aláṣẹ ń parọ́ pé ìkórè dára. Ní Gínì, Sékou Touré tó lé Faransé lọ ní 1958 ló kó ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n Boiro. Diallo Telli, akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan Áfíríkà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1977. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, Kérékou kéde ètò yìí ní 1974. Nígbà tó di 1989, àwọn báǹkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀, olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì pa ètò náà tì.

A kò sọ pé kò sí ire kankan nínú méjèèjì. Òwò ṣíṣe, hàláálì ni. Ànábì wa ṣòwò. Kí ìjọba ran ọmọ tálákà níléèwé, bí Awólọ́wọ̀ ti ṣe ní 1955, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Ẹni tí ìjọba pa, ó ní ìwé àṣẹ, a mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí ọ̀wọ́n gógó pa, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́hun ni, wọn kì í kọ ọ́ sí ọrùn ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò àwọn ọ̀dọ́ wa kì í fi í pé. Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, òkú méjèèjì ní ẹlẹ́jọ́. Suratul Máídà kọ́ wa pé ẹ̀mí kan ṣoṣo wúwo tó gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka òkú ẹlòmíràn kí ó lè bo òkú tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tíì ka nǹkan kan.

Olórí wo la wá lè tọ́ka sí? Sayyidina Umar ni. Ní ọdún tí ìyàn mú ní Mẹ̀dínà, ó fi ọ̀rá àti ẹran sílẹ̀, ó ní òun kò ní jẹ ẹ́ títí ará ìlú yóò fi rí i jẹ. Kò gé ọwọ́ ẹni tí ebi mú jalè. Ó ránṣẹ́ sí Ṣáámù kí wọ́n kó oúnjẹ wá.

Ebi tí à ń pa mọ́ra nínú ààwẹ̀ yìí ní ìṣínu. Ebi àwọn tí a dárúkọ yẹn kò ní ìṣínu. Kí ni kí àwa ṣe? Ìwọ tí o ní ilé iṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ wa, san owó lébìrà kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ìwọ tí o ń ta gàrí, má tọ́jú u dìgbà ọ̀wọ́n. Onílé, má fi ọdún Ìtúnu lé ayálégbé sí títì. Yọ sàká rẹ, ẹ̀tọ́ tálákà ni, kì í ṣe àánú rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì dé ipò ìjọba lọ́la, ẹ rántí Umar.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á jẹ́ Firiáónà, kí ó má jẹ́ kí á jẹ́ Kàárúnà. Kí ó forí ji àwọn tí wọ́n pa láìṣẹ̀. Kí ó jẹ́ kí á rí Ìtúnu ààwẹ̀ pẹ̀lú àláfíà. Àmín.