Alágbàṣe Kì Í Ṣe Ọ̀tá Alágbàṣe

Ẹ̀yin ará, ọmọ Finland ni Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà Linux ní 1991. Iṣẹ́ ló gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1997. Àlejò a máa ṣe ìlú láǹfààní.

Ṣùgbọ́n ní 2015, Disney dá nǹkan bí 250 òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró ní Florida. Àwọn kan nínú wọn ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ han àwọn àjèjì tó rọ́pò wọn. Ìwọ̀sí ni!

Síbẹ̀, ẹ má bú àlejò. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní físà iṣẹ́ H-1B, kò ní ju 60 ọjọ́ lọ láti wá òmíràn. Báwo ni yóò ṣe lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀? Ọ̀gá tó ń fi ọ̀kan dẹ́rù ba èkejì ni ká bá wí.

Nínú Deutarónómì 24:14, àti ará ilé àti àlejò, a kò gbọdọ̀ rẹ́ alágbàṣe kankan jẹ. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín lókè òkun.